Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́ta Tí Bàbá Mi Ní Ó Ń Sọnù

Òórùn ọsàn tó ti rà ló máa ń kí mi káàbọ̀ sí àdúgbò wa ní Ìkòsì nígbà náà. Gbogbo ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ tí wọn kò bá rí tà ní ọjà èso ni wọ́n ń dà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, tí oòrùn bá sì ti pa á dé ìrọ̀lẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí tó ti kan. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Anthony ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Tí mo bá ti bọ́ sílẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù, tí òórùn yẹn lu imú mi, ara mi á ti mọ̀ pé iṣẹ́ kan ti parí, òmíràn ló kù. Nígbà mìíràn mo lè dúró síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì ní apá kan, búrẹ́dì ní apá kejì, kí n máa wo ojú ọ̀nà ilé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́.

Bàbá mi ni iṣẹ́ kejì. Ó ń tì mí lójú láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìwọ náà bá ti tọ́jú àgbàlagbà rí, o mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni wọ́n, àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó ń mú ẹsẹ̀ wúwo, ló sì ń ṣe wọ́n. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni mo ti kó padà sílé wọn, nítorí pé Àbújá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ mi sì ti wà ní yunifásítì. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa gidigidi nípa oògùn wọn. Aago méje àárọ̀, aago mọ́kànlá, aago mẹ́ta, aago méje ìrọ̀lẹ́. Kò gbọdọ̀ yẹ̀. Tí oògùn bá fi lè pẹ́, ẹsẹ̀ Bàbá á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n síbẹ̀. Méjì nínú mẹ́rin yẹn, èmi kì í sí nílé. Aago ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń lò ó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa aago yẹn fún ọ. Taimukípà ni bàbá mi ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkejà, àwọn ni wọ́n ń fọn fèrè tó ń kó òṣìṣẹ́ wọlé tó sì ń tú wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì, ẹnjiníà kan, ará Japan, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ pẹ́, bọ́ aago ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn. Kò ní wúrà lára. Ojú rẹ̀ funfun lásán, ẹ̀gbà rẹ̀ jẹ́ irin, a sì kọ "Quartz" sí i bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí aago ẹlẹ́gbẹ̀rún tí wọ́n ń tà lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà sọ fún wọn pé aago yìí kò lè fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yẹ̀ láàrin ọdún kan gbáko. Bàbá kò kàn gbà á gbọ́, wọ́n dán an wò. Ní gbogbo àárọ̀ Sunday, kí ìròyìn aago méje tó bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, tí rédíò bá ń dún pí-pí-pí, Bàbá á ti jókòó, wọ́n á gbé aago sójú, wọ́n á sì kọ iye tó fi yẹ̀ sínú ìwé pélébé kan. Àwa ọmọ máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín; wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá yín jọ́sìn tiwọn kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá kò rìn dáadáa mọ́. Á dúró, á sì fo méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ń tiro. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Bàbá ní rárá, bátìrì ló ń tán lọ, bó ṣe máa ń ké sí èèyàn nìyẹn kó tó kú. "Má gbé e fún ẹnikẹ́ni o," ni wọ́n wí. "Ìyá tó ń tún aago ṣe ní Kétu yẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣí." Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ ra tòmátì àti àlùbọ́sà ní Mile 12. Ọjà kún, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ẹ̀yìn ń dùn mí, Kétu sì dà bí ìrìn àjò lójú mi. Ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alálùbọ́sà, ó pàtẹ bátìrì, rìmóòtù àti ẹ̀gbà aago. Mo gbé e fún un. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ já ẹ̀yìn aago náà, ó yọ bátìrì, ó fi òmíràn há a, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa pẹ̀lú àtàǹpàkò. Mi ò tíì yan àlùbọ́sà tán tó fi nà án sí mi. Ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá ń rìn. Ó parí lójú tèmi.

Nígbà tí mo délé, Bàbá yí aago náà sọ́tùn-ún sósì. "Ṣé ìyá Kétu ló ṣe é?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy."

Irọ́ kékeré ni. Ẹni tó rẹ̀ ló máa ń pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé òótọ́ ń béèrè àlàyé, àlàyé sì ń béèrè agbára.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí Bàbá fi pè mí síbi tí mo ti ń gé ilá. Wọ́n ní aago náà ti ń fa sẹ́yìn, pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló ń sọnù lójúmọ́. Mo ní, "Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, Daddy?" Mo sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ tó ní ẹnì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wò mí, wọ́n sì gbé aago wọn padà sí yàrá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gba aago wọn gbọ́ mọ́. Fóònù kékeré ọwọ́ wọn náà kò ṣeé gbára lé, torí gbogbo ìgbà tí bátìrì rẹ̀ bá kú ni aago rẹ̀ ń padà sí òdo. Èmi ni wọ́n wá ń pè. Mo máa wà nídìí pátákó, mò ń kọ ìṣirò, fóònù á dún. "Aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ yín?" Mo máa sọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á tún dún. Nígbà tí mo pariwo mọ́ wọn lọ́jọ́ kan pé aago ọwọ́ yín ńkọ́, wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́ pé, "Èyí tó bá lè purọ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta fún mi, kí ló máa dí i lọ́wọ́ láti purọ́ wákàtí kan?"

Ọ̀gá iléèwé wa pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní àwọn òbí ti ń ráhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa fóònù mi nígbà tí mo bá wà ní kíláàsì. Ní Tuesday kan, tí iná lọ kété tí ìròyìn àárọ̀ parí, tí rédíò kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́, Bàbá pè mí títí ní aago mọ́kànlá, wọn ò bá mi. Wọ́n dúró de ẹni tó máa sọ fún wọn pé àkókò ti tó. Wọn kò lo oògùn náà. Ìgbà tí mo dé ní aago márùn-ún, ẹnu ọ̀nà bálùwẹ̀ ni mo ti bá wọn nílẹ̀, ẹ̀yìn wọn lẹ̀ mọ́ ògiri, ṣòkòtò wọn tutù, ojú wọn là sílẹ̀. Egungun kankan kò ṣẹ́. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o ti dé?" Mo wẹ̀ wọ́n, mo wọ aṣọ fún wọn, mo fún wọn ní oògùn, mo sì lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mi ò sunkún. Ẹkún náà gba agbára.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní ẹ́sítéètì kan ní Ìṣẹrì Olówóra. Mo pè wọ́n láti kíṣìnnì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bọ̀dá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Èèyàn tó ń ṣe àríyànjiyàn nítorí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ṣé o rò pé iyè rẹ̀ pé? Orí Daddy ti ń dàrú, a kàn ń tan ara wa ni." Wọ́n ní àwọn máa gbé Daddy lọ sọ́dọ̀ àwọn, àwọn máa gba nọ́ọ̀sì kan, wọ́n á máa ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ wọn nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé, wọ́n á sì gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí wọ́n má baà máa da ayé láàmú. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ilẹ̀kùn títì. Mo sì ní, "Bọ̀dá, ẹ wá mú wọn. Orí wọn ti dàrú lóòótọ́. Ó ti rẹ̀ mí." A fi í sí ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn.

Ìrọ̀lẹ́ Friday ni mo ń kó aṣọ wọn sínú àpótí. Bàbá jókòó sórí àga, wọ́n ń wò mí. Wọn kò bi mí pé ibo ni aṣọ ń lọ, bọ̀dá mi ti sọ fún wọn lórí fóònù pé wọ́n ń bọ̀ wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n na ìwé pélébé yẹn sí mi. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n débi pé ìwé náà ń pariwo. "Kà á," ni wọ́n wí. "Tíṣà ni ọ́. Máàkì í fún mi."

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, mo ń ṣí ìwé náà. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan, Sunday lẹ́yìn Sunday: òdo, òdo, òdo, ọ̀kan. Odidi ọdún kan máa kọjá kó tó di mẹ́fà. Níbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé náà dúró ṣánṣán bí ti akọ̀wé kóòtù, lẹ́yìn náà ó ń gbọ̀n díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dà bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò yí padà. Ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi kú pàápàá, wọ́n kọ ọ́: òdo. Mo wá dé ọjọ́ Sátidé tí mo lọ sí Mile 12. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, Bàbá ti ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Mẹ́ta. Mẹ́fà. Mẹ́sàn-án. Méjìlá. Bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè láìfo ọ̀kan, títí dé ọgọ́ta ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Mo gbé fóònù mi, mo gbé aago náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń kà á. Ìṣẹ́jú kan gbáko. Kí n má purọ́ fún ọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń wá ibi tí wọ́n ti ṣì í.

Ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú kò lè ka mẹ́ta-mẹ́ta fún ogún ọjọ́ kó má ṣì í. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ni mo wà nílé yìí tí mi ò yọjú wò ó.

Mo kúnlẹ̀. "Daddy, ìyá Kétu kọ́ ló ṣe é. Ẹnì kan ní Mile 12 ni mo gbé e fún. Mo purọ́ fún yín."

Bàbá kò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní, "Nígbà tí o ní ìyá Kétu ni, mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣì í. Mo wá rò ó pé orí mi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Láàárọ̀ Sátidé mo lọ sí Kétu. Ṣọ́ọ̀bù ìyá náà kò ju ibi tí èèyàn méjì lè jókòó sí lọ, ó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà méjì kan. Alhaja ará Ṣakí ni wọ́n, ọkọ wọn ló kọ́ wọn níṣẹ́ náà kó tó kú. Wọ́n fi ìbòrí bo orí, wọ́n há awò sójú kan. Bí mo ṣe gbé aago náà sílẹ̀ báyìí, wọ́n ní, "Háà. Aago bàbá taimukípà nìyí." Wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, wọ́n rí ibi tí ọ̀bẹ ti ha á. "Ta ló fi ọ̀bẹ ṣí i?"

Mo ní, "Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí kò yẹ, mà."

Wọn kò bá mi wí. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun, wọ́n ṣí i pẹ̀lú irinṣẹ́ tó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú yí ká, wọ́n fi ẹ̀mú oníke gbé bátìrì náà jáde, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni gbé òkú eṣinṣin. Wọ́n ní kò bá a mu, ó fẹ́lẹ́ jù, kò sì fìdí múlẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. "Ẹ wò ó, Aunty. Aago yìí ní làákàyè. Ó ń mọ̀ tí ara bá gbóná, ó ń mọ̀ tó bá tutù, ó sì ń fi ìyẹn tún ìrìn ara rẹ̀ ṣe. Tí èèyàn bá yọ bátìrì rẹ̀, làákàyè yẹn á sùn. Ẹ gbọ́dọ̀ jí i padà. Ẹni tó ṣe é yìí kàn ki bátìrì bọ̀ ọ́ bí ẹni ki bátìrì sínú tọ́ọ̀ṣì ni." Wọ́n fi bátìrì tuntun sí i, wọ́n wá mú ẹ̀mú irin tín-ín-rín kan, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ kan bátìrì, wọ́n fi ẹnu kejì kan ihò kékeré kan tí lẹ́tà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n dì í mú bẹ́ẹ̀, ètè wọn ń ka "bìsìmílà" díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ẹ̀mú kúrò. Ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Mo ní kí wọ́n bá mi fi sí àkókò. Wọ́n mi orí. "Mo máa tún ọjọ́ àti oṣù rẹ̀ ṣe. Àkókò, ẹ jẹ́ kí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Wọn kì í gbà tẹ́lẹ̀ kí n bá wọn ṣe é."

Nítorí náà, ní aago méje ku díẹ̀ àárọ̀ Sunday, èmi àti bàbá mi jókòó síwájú rédíò. Mo ti fa bọ́tìnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago náà síta, ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá ti dúró sórí méjìlá. Bàbá gbé àtàǹpàkò lé e, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò náà kò dúró, ó ń yọ̀ kúrò. Mo fi ọwọ́ mi dì í mú látìta. Mo ń gbọ́ bí gbígbọ̀n náà ṣe ń wọ inú ọwọ́ tèmi. Rédíò bẹ̀rẹ̀: pí, pí, pí. Ojú Bàbá ti dì. Nígbà tí èyí tó gùn jù dún, wọ́n ní, "Tẹ̀ ẹ́!" A jọ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n la ojú, wọ́n wo aago, wọ́n wò mí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láre ní kóòtù.

Bọ̀dá mi dé lẹ́yìn ìsìn pẹ̀lú mọ́tò. Mo pàdé wọn nísàlẹ̀, mo fún wọn ní ìwé náà lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n kà á, wọ́n sì gbàgbé láti gòkè. Nígbà tí a wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Mo sọ ohun tí mi ò mọ̀." Mo ti ṣetán láti tú àpótí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mo máa bá a lọ," ni wọ́n wí.

Mo ní kò pọn dandan mọ́. Bàbá yíjú sí mi. "Ògiri ilé yìí kò nípọn. Mo gbọ́ ọ ní kíṣìnnì lọ́jọ́ Tuesday." Mo mú ọwọ́ kúrò lára àpótí. "O ní orí mi ti dàrú, irọ́ nìyẹn. O ní ó ti rẹ̀ ọ́, òótọ́ nìyẹn. Èyí tó jẹ́ òótọ́ ni mo fẹ́ tẹ̀ lé." Wọ́n sọ fún bọ̀dá mi pé àwọn máa lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn, fóònù àwọn kò sì ní kúrò lọ́wọ́ àwọn. Bọ̀dá mi gbà. Kí wọ́n tó jáde, Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Lọ sùn."

Mo sùn. Láti aago méjì ọ̀sán títí dé ọjọ́ kejì, mi ò jí, mi ò lá àlá. Nígbà tí mo jí, inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́ nítorí pé ó dùn. Bàbá lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ní Ìṣẹrì Olówóra kí wọ́n tó kú lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà sọ fún mi pé Bàbá ni wọ́n máa ń rán òun létí oògùn.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà pé ìfẹ́ mi sí bàbá mi kò dín kù rárá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń bọ́ wọn, mò ń ra oògùn. Ohun tí àárẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ: mi ò lè jókòó kí n gbọ́ wọn tán mọ́. Mo ti pinnu ohun tí àgbàlagbà aláìsàn lè sọ àti èyí tí kò lè sọ, ohun yòówù tó bá sì ti ẹnu wọn jáde, ibi tí mo ti pinnu ni mo ń fi í sí. Bàbá mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí gbọ́ ju ara wọn lọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Èmi náà ti ń dàgbà. Lóṣù tó kọjá, mo sọ fún ọmọ mi obìnrin lórí fóònù pé awò ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún mi kò dára, pé ìlà tó tọ́ ń wọ́ lójú mi. Ó ní, "Mummy, ọjọ́ orí ni, ojú yín máa mọ́ ọn lára." Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, mo gbọ́ ọ, iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Mi ò bá a jà. Mo ní, "Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wá, kí o fi í sójú ara rẹ, kí o tó sọ ọ́." Ó wá ní, "Ó dáa, mà. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."